Kì Í Ṣe Eré Omi Ló Bó Awọ Náà

"Ẹ dúró, Nọ́ọ̀sì. Ẹ má tíì fi ẹ̀rọ yẹn kan Bàbá Aránṣọ. Òtítọ́ kan ti há sí mi lọ́fun tipẹ́tipẹ́. Òní ló máa jáde, bí yóò tiẹ̀ fà mí lọ́fun ya."

Ajíṣirò ló sọ bẹ́ẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nọ́ọ̀sì àgbà dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ká má parọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òtítọ́ ló dá a dúró. Nínú wọ́ọ̀dù, kò sí ọjọ́ tí aláìsàn kan kò ní ní òtítọ́ láti sọ: ẹni tó ní òun ti gbé oògùn òun mì á jẹ́wọ́ pé abẹ́ ìrọ̀rí ló wà, ẹni tó ní òun kò fẹnu kan sìgá á jẹ́wọ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ohun tó dá nọ́ọ̀sì dúró ni pé ọkùnrin tí kò lè dá gbé orí sókè láàárọ̀ ti sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, ó sì na ọwọ́ síwájú bí ọlọ́pàá tó fẹ́ dá mọ́tò dúró.

Ẹ̀rọ tí nọ́ọ̀sì ń tì bọ̀ kò ju àpótí kékeré kan lórí táyà, tí ọ̀kan nínú táyà náà sì ń ké. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fọ rọ́bà. Aláìsàn tí kò lè fẹnu jẹun, wọ́n á ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ iṣan ńlá kan lábẹ́ egungun èjìká rẹ̀, ibẹ̀ ni oúnjẹ olómi á máa gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Láyé àtijọ́, bí rọ́bà bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi tuntun sí i, aláìsàn á sì tún jẹ ìrora lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìgbà tí ẹ̀rọ yìí dé, wọ́n ní kò sí ìdí fún yíyọ mọ́. Ẹ̀rọ á ti omi iyọ̀ gba inú rọ́bà pẹ̀lú eré kan pàtó, kò sì sí èérí tó lè dúró níwájú eré yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n gbé Ajíṣirò dé wọ́ọ̀dù, ó fi ẹnu gbígbẹ rẹ́rìn-ín sí ẹ̀rọ náà. "Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ rí iye eré tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ yẹn? Èmi ni mo ṣírò ó." Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ẹ na apá kí n rí iṣan."

Ajíṣirò kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Níbi iṣẹ́ ni wọ́n ti fún un ní in, nítorí pé bó bá ti jí, kó tó bọ́jú, iye kan ti wà lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi ìṣirò sọ bí ohun kan tí ojú kì í sábà rí ṣe ń dàgbà nínú omi tó ń ṣàn. Orí iṣẹ́ yẹn ló ti gba oyè, orí rẹ̀ náà ló sì ti ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ tó fẹ́ jẹ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Àwọn tó gbọ́ ọ kò pọ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà wà níbẹ̀. Bàbá Aránṣọ, àgbàlagbà télọ̀, wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Òun ló máa ń sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé ẹni tó rán aṣọ iṣẹ́ wọn kò fẹ́ràn èjìká. Dókítà kan, obìnrin tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, dúró nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún Ajíṣirò tán ni pé kòkòrò wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àwọn kò mọ ibi tó ń gbà wọlé, àwọn sì máa la ikùn rẹ̀ láti wá a. Ajíṣirò bi í pé rọ́bà tó wà lábẹ́ èjìká òun ńkọ́. Ó ní, "Rọ́bà kọ́, sà. Ojoojúmọ́ la ń fọ̀ ọ́."

Ẹni tó kù ni àbúrò Ajíṣirò obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, tí wọ́n ti ń pè ní Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ rí nígbà tí wọ́n jọ wà nílé ìwádìí, nítorí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe máa ń dúró jẹ́ẹ́. Orí àga rọ́bà ló jókòó sí, ó gbé báàgì lé itan bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sìnkú ìyá wọn, wọn kò tíì jókòó pa pọ̀. Ìyàwó Ajíṣirò ló pè é pé, "Ẹ wá wo ẹ̀gbọ́n yín o, ọ̀rọ̀ ti kọjá ìjà." Ó wá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́."

Ẹ mọ òwe tí wọ́n ń pa nípa irọ́ àti ogún ọdún. N kò ní pa á. Ohun tí òwe yẹn kò sọ ni pé nígbà míì, òtítọ́ kì í sáré lé irọ́ bá lójú ọ̀nà. Inú ara ẹni tó purọ́ gan-an ló ti máa ń bá a.

Ajíṣirò ti mọ̀ láti ìgbà tí òtútù àkọ́kọ́ ti mú un. Wọ́n fọ rọ́bà rẹ̀ tán, kò pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Wọ́n tún fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì, ó tún gbọ̀n. Ẹni tó ti fi ayé rẹ̀ wo ohun tó ń hù lára ọ̀pá omi kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún un. Ohun tó wà nínú rọ́bà náà kò bọ́. Ó dì mọ́ ibẹ̀, ó ń dàgbà, omi iyọ̀ sì ń já díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó ń wo àjà. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n ohun kan tó ju ẹ̀rù lọ tún mú un, ìyanu kan tó jẹ́ kí ara rẹ̀ bù máṣọ. Ẹ̀dá tó parọ́ mọ́ ti wá a wá sílé. Kò bá a jà, kò mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń ṣe.

"Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dára," ó ní, "nítorí ó dára níbẹ̀rẹ̀."

Ó ní gbogbo wa la ti tẹ òkúta inú odò rí, tó yọ̀ bọ̀rọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, tá a sì pè é ní èérí. Ó ní èérí kọ́, ìlú ni. Ẹ̀dá tí ojú kò rí, ọ̀kan ṣoṣo, á máa lọ nínú omi, kò ní ilé, kò ní ará. Bó bá kan ògiri, á tu itọ́ kan tó ń lẹ̀, á jókòó síbẹ̀. Òmíràn á bá a. Wọ́n á máa pọ̀ sí i, wọ́n á fi itọ́ yẹn kọ́ ilé ara wọn, wọ́n á sì fi ọ̀nà sílẹ̀ láàárín ilé fún omi láti kọjá, láìní ẹni tó yàwòrán rẹ̀ fún wọn. Awọ omi ni wọ́n ń pè é ní ilé ìwádìí. Ohun tó yani lẹ́nu jù nípa rẹ̀ ni pé omi tó ń gbé oúnjẹ wá fún un náà ló ń fẹ́ fà á ya. Bí omi bá rọra ń ṣàn, oúnjẹ á wọ́n, awọ náà á sì nà sókè, á rọ̀. Bí omi bá ń sáré, oúnjẹ á pọ̀, ṣùgbọ́n ìyà á pọ̀, awọ náà á sún mọ́ra, á rẹlẹ̀, á le koko.

"Gbogbo ìyẹn ni mo fẹ́ fi ìlà ìṣirò kan sọ," Ajíṣirò wí. "Ohun tó hù, yọ ohun tí omi já lọ, ohun tó kù ni awọ. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kọ ọ́, kọ̀ǹpútà sì fa ìlà rẹ̀ fún mi, ìlà kan tó gun òkè díẹ̀díẹ̀ tó wá tẹ́ lórí. Lẹ́yìn náà ni àbúrò mi yìí gbin awọ omi sínú àwọn ọ̀pá dígí rẹ̀, ó ń wọ̀n wọ́n lójoojúmọ́. Dókítà, wọ́n tẹ̀lé ìlà mi. Ohun tí kò ní ojú, tí kò ní ọpọlọ, tí kò ka ìwé, ó ń tẹ̀ síbi tí mo ní kó tẹ̀. Mo dúró níwájú ọ̀pá dígí, mo ń sunkún bí ọmọdé. Mo ní, 'Ta ló sọ fún wọn?'"

Ọ̀rọ̀ kan jáde láti orí àga rọ́bà. "Mo dá yín lóhùn lọ́jọ́ náà."

"O dá mi lóhùn. O ní, 'Ẹ̀gbọ́n, wọn ò tẹ̀lé yín o. Ẹ̀yin lẹ tẹ̀lé wọn.'" Ajíṣirò mi orí. "Mo rẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ ọ. Ká ní mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn, n kì bá tí wà níbi tí mo wà lónìí."

Ó ní ìlà náà kò parí síbi tó tẹ́. Bí ènìyàn bá ní kí kọ̀ǹpútà máa fi kún eré omi, ìlà náà á dé ibì kan, á sì já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ṣubú láti orí àkàbà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé eré kan wà tí omi máa sá, tí gbogbo awọ máa bọ́ pátá. Àwọn tó ń ṣe rọ́bà ilé ìwòsàn gbọ́, wọ́n sì ń fẹ́ iye náà lójú méjèèjì. Ṣùgbọ́n awọ inú ọ̀pá dígí kò gbọ́. Wọ́n fi kún eré omi títí dé ibi tí ìlà ti já, awọ náà kàn sún mọ́ra sí i ni. Ìyá Àgbà, obìnrin tó jẹ́ olórí ilé ìwádìí, ní, "Bí kò bá bọ́, a máa sọ pé kò bọ́. Kí ló ń dùn yín?" Ohun tó ń dun Ajíṣirò ni pé ìlà náà lẹ́wà. Ó ti fẹ́ràn rẹ̀ ju ohun tó ń ṣojú fún lọ.

Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá wọn ń ṣàìsàn nílé. Òun àti àbúrò rẹ̀ ti jọ fẹnu kò pé àwọn á máa pààrọ̀ ara àwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, òun ló kàn. Ó ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun. Àbúrò rẹ̀, tí kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ mélòó kan, dìde láìjanpata, ó lọ dípò rẹ̀. Ajíṣirò dá wà pẹ̀lú àwọn ọ̀pá dígí, ó sì ń fi kún eré omi díẹ̀díẹ̀. Bó ti ń ṣe é lọ́wọ́ ni ìgò oúnjẹ awọ omi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fún aláìsàn ní dírípù, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ìgò," ó sọ fún nọ́ọ̀sì. "Wọ́n á kọ́kọ́ dí ọ̀nà, wọ́n á lé afẹ́fẹ́ jáde, kí wọ́n tó ṣí i. Àbúrò mi máa ń ṣe é bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Èmi ń kánjú. Mo tú ọ̀kan, mo ki ìkejì bọ̀ ọ́. Mo sì rí i."

Ohun tó rí ni afẹ́fẹ́ róbótó kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, tó wọ inú ọ̀pá dígí. Ó ń yí bọ̀ pẹ̀lú omi. Níbi tó bá ti kọjá, etí rẹ̀ ń gbá awọ omi nílẹ̀, ó ń ká a jọ níwájú ara rẹ̀, dígí sì ń mọ́ gaara lẹ́yìn rẹ̀. Kò pẹ́ rárá. Ìlú tó ti ń kọ́ ara rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ṣí kúrò, ó bá omi lọ. Ajíṣirò wo kọ̀ǹpútà. Eré tó ń fi kún ti dé ibi tí ìlà ti já, gẹ́lẹ́gẹ́lẹ́.

"Ojú mi méjèèjì ló rí afẹ́fẹ́ náà," ó wí. "Ẹ má jẹ́ kí n rí ibì kan sá sí. N kò ṣì í wò. Mo rí i, mo mọ̀ pé òun ló bó o, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé eré omi ni. Mo sọ fún ara mi pé bí afẹ́fẹ́ kò bá tiẹ̀ wọlé, ó máa tó bọ́ náà. Ẹ ò rí i bí ènìyàn ṣe ń rọra tan ara rẹ̀, bí ẹni ń fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀."

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé, inú rẹ̀ dùn fún un. Ó ní kí òun náà gbìyànjú rẹ̀ wò. Ó fi sùúrù gbin awọ tuntun, ó lé afẹ́fẹ́ jáde, ó gbé eré omi dé iye yẹn, ó tún kọjá ibẹ̀. Awọ kò mira. Ó tún un ṣe, kò mira. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó ìgò sí, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò bọ́ o. Àfi tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló wọ inú tiyín." Ajíṣirò ní kí ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní ṣé kò fẹ́ kí òun ga ni. Àbúrò rẹ̀ ní, "Ẹ ga, mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn ni wọ́n máa ki rọ́bà yìí bọ̀. Bẹ́ ẹ bá sọ ọ́ fún Ìyá Àgbà fúnra yín, n ò ní í lanu."

Ajíṣirò lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà lóòótọ́. Ohun tó sọ níbẹ̀ yàtọ̀. Ó ní ó dun òun láti sọ ọ́, ọmọ ìyá òun ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Kò lè so ẹnu ọ̀pá mọ́ra dáadáa mọ́, omi ń jò níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọlé. Eré tó bá kọ sílẹ̀ kọ́ ni eré tó wà nínú ọ̀pá. Òun tó fi afẹ́fẹ́ sínú ọ̀pá ló ń fẹ̀sùn afẹ́fẹ́ kan ẹni tí kì í fi í sí i. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ajíṣirò na ìka ẹlòmíràn sí ọba.

Wọ́n pe ìpàdé. Gbogbo ilé ìwádìí jókòó yí tábìlì gígùn ká. Àbúrò rẹ̀ dúró, ó ń ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ sì ń yẹ̀, nítorí kò retí pé ẹ̀gbọ́n òun ló máa kojú òun. Ibẹ̀ ni Ajíṣirò dé tó dákẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ bu omi fún un. Ó kọ ife náà.

"Ife gan-an ni," ó ní. "Mo gbé ife dígí kan lórí tábìlì, mo da omi sí i títí ó fi kún dé ẹnu. Mo nà án sí i níṣojú gbogbo wọn. Mo ní, 'Bí ọwọ́ rẹ kò bá gbọ̀n, gbé e dání.' Mo mọ̀ pé kò sùn. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni kò ti sùn, àti pé ipò èmi ló wà níbẹ̀. Mo mọ ohun tí omi máa ṣe. Ó gbé ife náà, ẹ̀yin ará mi, omi sì dà sí i lọ́wọ́, ó dà sórí tábìlì, ó ń kán sílẹ̀. Ìyá Àgbà wo ilẹ̀. Ó ní, 'Ọmọ mi, lọ sinmi.' Àbúrò mi gbé ife náà kalẹ̀, ó fi aṣọ rẹ̀ nu tábìlì, ó jáde. Kò padà wá mọ́."

Ní wọ́ọ̀dù, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò gbé orí sókè. Ó ń fi àtàǹpàkò ra irin ẹnu báàgì rẹ̀.

Ajíṣirò ní iye tí òun ṣírò jáde sí ayé, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ náà lọ, ó di ẹ̀rọ. Àbúrò rẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, ó ń tún aago ọwọ́ ṣe. Ajíṣirò ní òun gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà kọjá lọ́jọ́ kan, òun rí i lábẹ́ iná, tó ń fi ẹ̀mú to àwọn eyín aago tí kò tó ìdin. Ẹni tí òun ní ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Òun sọdá sí òdìkejì títì.

Dókítà ti ń wo rọ́bà tó yọ jáde lábẹ́ èjìká Ajíṣirò. Ojú rẹ̀ ti yípadà. "Ṣé ohun tí ẹ ń sọ, sà, ni pé ẹ̀rọ yìí kò fọ nǹkan kan rí?"

"Ó ń fọ èyí tó rọ̀. Èyí tó le, ó ń bọ́ ọ ni. Omi ló sì tọ́ ọ dàgbà, ọmọ. Kò lè bẹ̀rù omi."

Nọ́ọ̀sì jáwọ́ lára ẹ̀rọ náà. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ látọjọ́ yìí, èwo la fọ̀ lánàá?"

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Ajíṣirò yí ojú sí bẹ́ẹ̀dì kejì. Ó ní èyí tó burú jù kọ́ ni ife omi. Ó ní lánàá, lẹ́yìn tí òun ti mọ̀, nọ́ọ̀sì ti ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Aránṣọ. Bí òun bá lanu, wọ́n á bi òun pé báwo lòun ṣe mọ̀. Òun kojú sí ògiri. Òun gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́, òun gbọ́ nígbà tí òtútù mú bàbá náà, tó ní, "Ajíṣirò, ṣé omi yìnyín ni wọ́n ń rọ sí wa lára ni?" Òun dá a lóhùn pé, "Ẹ fara dà á, bàbá."

Bàbá Aránṣọ yí orí sí i. "O mọ̀ lánàá?"

"Mo mọ̀, bàbá."

"Ìwọ náà ń gbọ̀n lánàá. Mo ní kí wọ́n mú bùláńkẹ́ẹ̀tì mi bò ọ́."

"Òun ló wà lára mi yìí."

Bàbá náà gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ó yí ojú sí àjà, ó ń wò ó. Ajíṣirò ká bùláńkẹ́ẹ̀tì náà kúrò lẹ́sẹ̀, ó nà án sí nọ́ọ̀sì kó dá a padà, òtútù sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú un. Ó ní mélòó ni àwọn tó wà níbòmíràn, tí wọ́n ń gbọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí? Òun tó ń ka ohun gbogbo kò lè ka ìyẹn.

Dókítà ń ṣiyèméjì. Ó ní ibà máa ń jẹ́ kí ènìyàn sọ oríṣiríṣi, báwo lòun ṣe máa mọ̀? Nígbà náà ni àbúrò Ajíṣirò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé báàgì kúrò lórí itan. Ó ní, "Kì í ṣe ohun àríyànjiyàn, Dókítà. Ẹ yọ rọ́bà náà. Ẹ là á."

Wọ́n fa kọ́tìnnì. Dókítà wọ ìbọ̀wọ́, ó yọ rọ́bà Ajíṣirò, ó yọ ti Bàbá Aránṣọ. Ó gé díẹ̀ sínú ìgò fún àyẹ̀wò, ó fi abẹ la ìyókù ní gígùn, ó tẹ́ ẹ sínú àwo funfun kan. Ojú lásán kò rí ju pé inú rọ́bà náà ń dán bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á. Àbúrò Ajíṣirò mú awò kékeré tó fi ń wo inú aago jáde, ó há a sójú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ àwo náà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, kò bínú, kò sì yọ̀. Ó bọ́ awò náà fún Dókítà. Dókítà wò ó. Ó ní, "Jésù," ní jẹ́jẹ́, ó sì fa fóònù yọ.

Ó pe ọ̀gá pátápátá ilé ìwòsàn, ó gbé fóònù sí Ajíṣirò lẹ́nu, Ajíṣirò sì tún un sọ láìfi ọ̀kan pamọ́: afẹ́fẹ́, àbúrò, ife omi, bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó ní kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀rọ náà, kí wọ́n pe àwọn tó ṣe é, kí wọ́n fi orúkọ òun sí i. Nọ́ọ̀sì ti yọ ẹ̀rọ tiwọn lára iná, ó sì ti ń tì í jáde, táyà rẹ̀ ń ké lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Dókítà," Ajíṣirò wí, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, "ẹ ṣì kéré, ẹ gba ìmọ̀ràn ẹni tó ti bàjẹ́. Ọjọ́ tí ohun tẹ́ ẹ ń fẹ́ bá ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ẹ, ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ wò ó bóyá afẹ́fẹ́ kò wọlé." Lẹ́yìn náà ó yí sí ẹni tó jókòó lórí àga. "Ọmọ ìyá mi, mo mọ̀ pé n kò lẹ́nu. Dárí jì mí."

Àbúrò rẹ̀ gba awò lọ́wọ́ Dókítà, ó gbé àwo náà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ṣé ẹ ti rí i?"

"Rárá."

"Ẹ wá wò ó ná."

Ajíṣirò na ọwọ́ láti gba àwo, ṣùgbọ́n òtútù náà ń mi ọwọ́ rẹ̀ débi pé àwo náà ń dún lára irin bẹ́ẹ̀dì. Awò bọ́ lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún bọ́. Àbúrò rẹ̀ gba àwo náà. Ó fi ọwọ́ kan di awò mú sójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì fi ẹ̀mú gbé rọ́bà lílà náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

Ó rí i. Lẹ́yìn gbogbo omi tí wọ́n ti rọ́ gba inú rẹ̀, ìlú náà dúró, òkìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì, wọ́n sún mọ́ra, àwọn ọ̀nà tóóró wà láàárín wọn níbi tí omi ti ń kọjá, gbogbo rẹ̀ ń tàn. Kò sí ìlà kan tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Omijé ń dà lójú rẹ̀ sára awò náà.

"Wọ́n ṣì wà níbẹ̀," ó ní.

"Wọ́n wà níbẹ̀ nígbà yẹn náà, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ máa wò ó."

Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Bẹ́ẹ̀dì ń gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀, orí rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó wà lórí rọ́bà náà kò yẹsẹ̀ níbi tó wà, nítorí ọwọ́ tó gbé e dání kò gbọ̀n rárá.